Ojúlé Méje, Kọ̀ǹpútà Kan

Àwọn tó mọ̀ mí ní Ìkirè àti Àpómù ti sọ̀rọ̀ mi títí ẹnu wọn fi gbẹ. Wọ́n ní mo fi ọmọ kékeré sílẹ̀, mo lọ ń jẹ búrẹ́dì òyìnbó. Àwọn kan sọ ọ́ lójú ìyá mi kó tó kú. N kò dá wọn lóhùn nígbà náà, nítorí owó tẹlifóònù wọ́n, n kò sì lè ná an sórí ìjà. Ní báyìí tí mo ti dàgbà, tí orúnkún ń yọ mí lẹ́nu, tí púpọ̀ nínú wọn sì ti lọ síbi tí a kì í ti í fèsì, èmi náà fẹ́ sọ tèmi. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kan ni.

Tíṣà físíìsì ni mí ní ilé ìwé girama kan ní Ìkirè. Mo ka físíìsì ní yunifásítì nígbà tí àwọn ọkùnrin kíláàsì wa ṣì ń bi mí bóyá mo ṣi yàrá wọ̀ ni. Ọmọ Àpómù ni ọkọ mi. Nígbà tó kú, Múìbátù, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, ṣì ń di ìró mi mú bí mo bá ń lọ sí ilé ìdáná. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni owó oṣù tíṣà ti dà bí òjò ọ̀dá: ààrá ń sán, kì í rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àlájà, ni olórí ẹbí lẹ́yìn ikú àwọn bàbá. Ó ń ta aṣọ ní Àpómù, ó ti lọ sí Mẹ́kà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣubú. Ní ilẹ̀ wa, obìnrin tó bá ju ọkọ ẹni lọ, ọkọ ni òun náà. Mo ń kúnlẹ̀ kí i, ó ń pè mí ní Ìyàwó. Nígbà tí mo sọ fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 pé mo fẹ́ lọ sí London, ó ní kí n máa lọ, ṣùgbọ́n Múìbátù kò ní bá ìyá mi gbé ní Ìkirè. Ó ní ọmọ àbúrò òun ni, ilé bàbá rẹ̀ ni yóò gbé. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó tẹ́tí sí mi dáadáa títí mo fi parí, ó ní, "Ìyàwó, ọ̀rọ̀ ire lo sọ," ó sì ní kí wọ́n kó ẹrù ọmọ náà wọlé. Mo ṣèlérí fún Múìbátù pé bí ìwé ìgbélùú mi bá ti jáde, màá wá mú un. Ìlérí tí mo fi kúrò nílé nìyẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ gbá mi létí ní London, òtútù kọ́. Ráúfù ni. Ọmọ Ìkirè ni, mo sì jù ú lọ dáadáa. Àbúrò rẹ̀ obìnrin jókòó nínú kíláàsì mi. Nílé, bí Ráúfù bá pàdé mi lọ́nà ọjà, á dọ̀bálẹ̀ tí àyà rẹ̀ á fi kan iyanrìn. Ṣùgbọ́n ó ti ṣáájú mi dé London, yàrá kan nínú ilé tó háyà ni mo sì ń gbé. Kò pẹ́ rárá tó fi ń sọ fún mi pé, "Ìwọ, ilé ìdáná dọ̀tí o." Mo wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní níbí yìí, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni ẹ̀gbọ́n.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ká máa ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìfọṣọ ọsibítù kan. Aṣọ á ti inú ẹ̀rọ ńlá jáde pẹ̀lú ooru, èmi àti obìnrin kejì á di igun rẹ̀ mú, a ó rìn pàdé ara wa, a ó tún padà sẹ́yìn, bí ẹni tó ń kí ara wọn tí kò lè dárúkọ ara wọn. Ráúfù máa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé wa tó bá wá kí i lọ́jọ́ Àìkú pé, "Ẹ wá wo tíṣà wa, ó ń fi físíìsì ká aṣọ." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń tọ́jú ẹ̀rín yẹn fún un títí dòní.

Wọ́n tẹ orúkọ ọsibítù náà sí etí gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Mo máa ń rò ó pé aṣọ yìí sàn jù mí lọ; bó bá sọnù, ẹni tó bá rí i mọ ibi tí yóò dá a padà sí. Nínú bọ́ọ̀sì bí mo bá ń lọ sílé, màá di ojú, màá ní Ìbàdàn la ti ń bọ̀, a ti gun afárá Àsejírè, omi tẹ́ lọ salalu, afẹ́fẹ́ tútù wọlé láti fèrèsé, kò ní pẹ́ táwọn olódòdò Ìkirè á fi máa sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù àti ata á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé imú mi. Dírẹ́bà á wá kéde ibùdókọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ kò jọ ohunkóhun tí mo mọ̀, màá sì la ojú, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń bọ́ sílẹ̀.

Kò sí tẹlifóònù nílé Àlájà. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, òun àti Múìbátù á wọ ọkọ̀ láti Àpómù wá sí Ìkirè, sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ní tẹlifóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, wọ́n á jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí màá fi pè. Àlájà ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Á gbàdúrà, á sọ ẹni tó bímọ, á sọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, á tún gbàdúrà. Ó dìgbà tí owó inú káàdì tẹlifóònù mi bá fẹ́ tán kó tó gbé e fún ọmọ mi.

"Ẹ káàsán mà."

"Múì, ṣé dáadáa lo wà?"

"Dáadáa ni mà."

"Ilé ìwé ńkọ́?"

"Dáadáa ni mà."

Àlájà ló ń pè ní Ìyá. Nígbà kan mo gbọ́ tó ń dá ẹnì kan lóhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Mọ́mì wa ti London ni," bí ẹni pé mo jẹ́ ẹ̀ka ilé ìtajà kan. Báyìí la ṣe ń bá a bọ̀, ọdún ń gorí ọdún, ìwé ìgbélùú mi kò jáde, ohùn ọmọ náà sì ń nípọn sí i létí mi láì jẹ́ pé mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe ń dàgbà.

Sátidé kan ló wá yàtọ̀. Múìbátù ti ń lọ sí ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà. Ó lo ìsinmi nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ifẹ̀, ẹni tí bàbá rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ta géèmù lórí rẹ̀. Géèmù ìdíje ọkọ̀ ni. Mi ò tíì bi í ní nǹkan kan tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ máa rí ọ̀nà tó ń bọ̀ wá bá yín. Bẹ́ẹ bá fẹ́ yà ní kọ́nà, ẹ̀yin náà á tẹ̀ lórí àga, ẹ ò ní mọ̀."

Mo bi í bóyá òun ló ṣe ipò kìíní. Ó ní rárá, odò lòun já sí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ látìgbà tí mo ti kúrò nílé. Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ìlà gé.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo di tẹlifóònù tó ti dákẹ́ mú. Gbogbo bàtà, aṣọ àti ọṣẹ tí mo ti ń fi ránṣẹ́ láti ọjọ́ yìí, "ẹ ṣé mà" nìkan ni wọ́n mú padà wá. Mo fẹ́ kí ẹ̀rín yẹn wá látọwọ́ mi. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé nígbà tí ìwé mi bá jáde, ọmọ tó ń bọ̀ wá bá mi á mọ ẹni tó ń bọ̀ wá bá.

Ráúfù ní orí mi ti dàrú. Ó ní ta ló ń ra kọ̀ǹpútà nítorí eré, pé bí mo bá tilẹ̀ fẹ́ ṣe ohun tágbára mi kò ká, kí n ra èyí tí Àlájà lè fi ṣírò ọjà rẹ̀. Èyí tó ń mọ́ tòntòn nínú ṣọ́ọ̀bù sì kọjá ọwọ́ ẹni tó ń ká aṣọ. Àmọ́ mo ti kà á nínú ìwé ìròyìn kan ní láíbìrì pé àwọn kan ń ra ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á sì fúnra wọn tò ó. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́, láíbìrì yá. Mo ń kàwé bí ẹni tó ń múra ìdánwò. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ẹnikẹ́ni ti béèrè ọpọlọ lọ́wọ́ mi.

Kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Bọ́ọ̀dù ńlá kan wà tí gbogbo rẹ̀ ń jókòó lé. Prósẹ́sọ̀ ló ń ronú. Mẹ́mọ́rì ló ń bá a di ohun tó ń rò lọ́wọ́ mú, háàdì dísìkì ló ń tọ́jú èyí tó ti rò tán. Káàdì kan ń ya àwòrán sójú mọ́nítọ̀, òmíràn ń sọ̀rọ̀, páwà ń pín iná fún gbogbo wọn. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó kò lè ra èyí tó dára jù nínú ohun gbogbo. Ó ní láti mọ èyí tí yóò fi ebi pa. Prósẹ́sọ̀ tó yára jù làwọn ọkùnrin tó ń kọ ìwé ìròyìn yẹn fẹ́ràn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹṣin. Mo ṣe ìṣirò tèmi. Nínú géèmù ìdíje, ọ̀nà, igi àti òkè ń yí padà níṣẹ̀ẹ́jú akàn. Yíya wọn ló nira, ríronú wọn kò nira tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà prósẹ́sọ̀ àlòkù, tó ṣì lágbára díẹ̀, ti tó. Mẹ́mọ́rì gbọ́dọ̀ pọ̀. Háàdì dísìkì lè kéré, nítorí Múìbátù kò ní ohun púpọ̀ tí yóò kó síbẹ̀. Orí káàdì àwòrán ni kí ìyókù owó kú sí.

Mo tún mọ ohun kan tí ìwé ìròyìn wọn kò mọ̀. London ni mo ti ń rà á, ṣùgbọ́n Àpómù ni mo ń rà á fún. Mo mọ bí páànù òrùlé ṣe ń gbóná tó lọ́sàn-án oṣù Ẹrẹ́nà, mo mọ eruku ọyẹ́ tó ń wọ inú ìkòkò tí a dé. Mo ra fáànù méjì níbi tí ẹlòmíràn á ti ra ẹyọ kan. Mo mọ bí iná ṣe ń dé, tó ń pọ́n bí ojú ọ̀mùtí, tó tún ń tàn wàà títí gílóòbù á fi fọ́. Mo ra páwà tó wúwo ju ohun tí kọ̀ǹpútà náà nílò lọ. Bí mo ṣe ń yan ọ̀kọ̀ọ̀kan, pálọ̀ Àlájà ni mo ń rìn kiri inú rẹ̀ lọ́kàn mi, mo ń wo ibi tí oòrùn ń gbà wọlé, mo ń wá ibi tí ọmọ mi lè jókòó sí.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n máa ń pàtẹ ọjà kọ̀ǹpútà nínú gbọ̀ngàn kan ní gúúsù London. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan gbé káàdì àwòrán tí mo ń wá lé mi lọ́wọ́, ó bi mí bóyá ti ọmọ mi ọkùnrin ni. Mo ní ti ọmọ mi obìnrin ni. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó mú èyí tó rẹlẹ̀ jáde, ó ní èyí á tó o. Mo ní kó dá èyí àkọ́kọ́ padà sórí tábìlì. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an bí a ṣe ń ná iṣu lọ́jà Ìkirè: mo pe ìdajì, mo ṣe ṣìọ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń rọra lọ. Ní Ìkirè, wọ́n á ti pè mí padà. Ọkùnrin náà kò pè mí. Mo rìn títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà, n kò mọ bí mo ṣe máa padà. Ọwọ́ obìnrin kan ní ìdí tábìlì mìíràn ni mo ti ra irú rẹ̀ nígbẹ̀yìn, ẹni tí kò béèrè ẹni tí mo bí.

Ó gbà mí tó oṣù mélòó kan kí gbogbo rẹ̀ tó pé. Mo tò ó sórí tábìlì nínú yàrá mi, mo fi géèmù sí i, mo tẹ bọ́tìnnì. Fáànù méjèèjì hó. Ojú mọ́nítọ̀ dúdú díẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀nà kan là níwájú mi, ọkọ̀ pupa kan dúró lórí rẹ̀, ó ń dúró de ẹni tí yóò wà á. Èmi tí n kò wa kẹ̀kẹ́ rí, mo wa ọkọ̀ yẹn. Mo já sí odò. Mo rẹ́rìn-ín sókè tó bẹ́ẹ̀ tí Ráúfù fi wá kan ilẹ̀kùn.

Mo tún tú u palẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ju ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú, kò lè dé ní odindi, àwọn aṣọ́bodè sì máa ń dá odindi kọ̀ǹpútà dúró. Mo fi fóòmù wé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, mo kó àwọn kéékèèké pọ̀ mọ́ àwọn ńlá, mo sì fi bébà ìdìbùn pupa dì wọ́n, èyí tí wọ́n ń tà lọ́pọ̀ lẹ́yìn Kérésìmesì, nítorí pé ó nípọn, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Ó di ìdì méje. Mo kó wọn sínú páálí ńlá, mo kọ orúkọ Múìbátù sí i lára. Ráúfù ń lọ sílé fún Iléyá. Mo san owó ẹrù tó lé, mo sì sọ fún un pé kó jọ̀ọ́, kó sọ fún wọn pé ohun kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tú u títí màá fi pè. Nílé, Múìbátù nìkan ni mo ti sọ fún pé kọ̀ǹpútà ń bọ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé Iléyá, Àlájà ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí òun tán.

"Ìyàwó, Ọlọ́run á ṣe tìẹ náà. Ilé ò tíì dùn báyìí látọjọ́ tí ọkọ ẹ ti lọ. Gbogbo ojúlé ló rí tiẹ̀ gbà."

Mo bi í pé kí ni wọ́n rí gbà.

"Ẹ̀bùn tó o fi ránṣẹ́. Méje lo dì, ojúlé méje la sì jẹ́. Mo ní, ẹ ẹ̀ rí i, bó ṣe jìnnà tó yẹn, kò gbàgbé ẹnì kankan."

Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Páálí mi kò gba inú ọkọ̀ tí Ráúfù wọ̀ láti pápákọ̀, ó tú u, ó da páálí tí mo kọ orúkọ sí nù, ó kó àwọn ìdì kéékèèké sáàárín aṣọ rẹ̀, ó gbé àwọn ńlá lé ẹsẹ̀. Ó já wọn sílẹ̀ fún Àlájà, ó ní láti ọ̀dọ̀ ìyàwó yín ni, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ilé ẹbí kún fún Iléyá. Wọ́n ti pín ẹran tán, Àlájà sì kó ìdì pupa jáde, ó pín wọn fún àwọn olórí ojúlé, láti orí àgbà dé orí àbúrò. Ẹrù tó bá ti òkè òkun wá, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé wa. Kì í ṣe ti ẹnì kan. Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàtà, wọ́n ti ṣe é fún ọṣẹ. Ta ló máa di nǹkan ní ìdì méje tí kò ní jẹ́ pé ojúlé méje ló ń kí?

"Ohun kan ṣoṣo ni, Àlájà," mo ní. "Kọ̀ǹpútà ni. Ti Múìbátù ni."



"Wọ́n ti gbà á, Ìyàwó. Wọ́n ti fi ṣàdúrà fún ẹ."

Ó gbé tẹlifóònù fún ọmọ mi. Múìbátù ní, "Mo ti sọ fún gbogbo kíláàsì wa." Ohùn rẹ̀ kéré. Ó wá ní, "Ẹ ṣé mà," ó sì lọ. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, Àlájà nìkan ló wá. Ó ní orí ń fọ́ ọmọ náà. Ní oṣù kejì, ó ní ó ń fọṣọ.

Ráúfù padà dé, ó sì sọ ọ́ di ìtàn. Kò sí ìkómọ tí àwọn ọmọ ilé wa ṣe ní London lọ́dún yẹn tí kò sọ ọ́ níbẹ̀, bí wọ́n ṣe pín kọ̀ǹpútà bí ẹran Iléyá. Àwọn tí n kò mọ̀ rí á rí mi, wọ́n á ní, "Mà, ìpín tèmi dà?" Kò sí ẹnì kankan tó bi Ráúfù pé páálí tó ní orúkọ lára dà.

N kò lè gbà á padà. Ìyàwó kì í fún ọkọ ní nǹkan tán kó tún na ọwọ́ sí i. Mo ro ọ̀rọ̀ náà nídìí aṣọ bẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́, àfi ìgbà tí mo wá rántí pé èmi nìkan ni mo jẹ́ ìyàwó nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ilé ni Múìbátù. Kò sí ohun tí ọmọ ilé kò lè tọrọ nílé bàbá rẹ̀. Mo sọ fún Àlájà pé bó bá jẹ́ pé wọ́n á gbé ọmọ náà wá ni, kí wọ́n gbé e wá síbi tẹlifóònù.

"Má sọ pé tìẹ ni," mo sọ fún Múìbátù nígbà tó gba tẹlifóònù. "Kúnlẹ̀, kí wọn dáadáa, jẹ́ kí wọ́n mọ ọmọ ẹni tó o jẹ́, kó o wá tọrọ ẹ̀."

"Lọ́wọ́ gbogbo wọn mà?"

"Lọ́wọ́ gbogbo wọn."

Ó gbé tẹlifóònù fún Àlájà. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ọlọ́ṣọ́ọ̀bù pè mí, kó gé ìlà, kí èmi sì pè padà. Ó ti lọ sí Gbọ̀ngán, sílé bàbá kan tó ń ta kòkó, ọ̀kan nínú àwọn olórí ojúlé. Bàbá náà ti fi ìṣó kan bọ́ọ̀dù ńlá mọ́ ògiri lábẹ́ kàlẹ́ńdà, ó ń sọ fún àwọn àlejò pé bí London ṣe rí láti òkè nìyẹn, pé àwọn ìlà tó ń tàn yẹn ni títì. Ó tú u fún un. Ó wá sọ fún un bí ọkọ mi ṣe máa ń sùn sórí àpò kòkó ní kékeré. Mo bi í bóyá ìṣó náà gba inú ihò tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní ihò tó wà níbẹ̀ ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí ìṣó tó bá gba ibòmíràn á ti ba bọ́ọ̀dù náà jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ la bẹ̀rẹ̀. Sátidé kan, ó lọ bá àfáà ìdílé wa ní Àpómù, ẹni tó ti yọ mẹ́mọ́rì nínú ìdì tirẹ̀, tó ń fi í sàmì ojú ìwé nínú Kùránì rẹ̀ nítorí pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n fún un, wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ rọ́pò rẹ̀. Sátidé mìíràn, ó lọ sí Ararọ̀mí-Òwu, ó bá adìyẹ tó sàba nínú àpótí kọ̀ǹpútà, èyí tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń gbé inú rẹ̀. Ìyá tó ni adìyẹ ní kò sí bí òun ṣe lè lé ẹni tó ń sàba dìde, kí Múìbátù padà wá bó bá pa. Ó padà lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń fi bí ìyá náà ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ fún mi, mo ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Kò sọ "dáadáa ni mà" mọ́. Gbogbo Sátidé la ń sọ̀rọ̀ báyìí. Mo ń gba iṣẹ́ àfikún kí n lè máa ra káàdì tẹlifóònù, n kò sì mọ̀ pé ó rẹ̀ mí.

"Mọ́mì, ṣé ẹ mọ̀ pé Dádì máa ń kọrin bí wọ́n bá ń ro oko?"

N kò mọ̀. Mo bá ọkùnrin yẹn gbé, n kò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo ní mo mọ̀.

Nígbà tó kó mẹ́fà jọ, oníṣẹ́ rédíò kan ní Àpómù yá a ní tábìlì àti síkúrúdíráfà. Mo ń sọ bí yóò ṣe tò ó fún un lórí tẹlifóònù, ó ń tún un sọ lẹ́yìn mi bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń ṣe: fi ọwọ́ kan irin kó o tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù, má fi agbára tì í, bó bá bá ara mu á wọlé fúnra rẹ̀. Mọ́nítọ̀ ló kù. Ọwọ́ Àlájà ló wà. Orí tẹlifíṣàn rẹ̀ ló gbé e sí, ó fi aṣọ léèsì bò ó. Ó ní òun kò ní gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ wo nǹkan nínú rẹ̀, kó wá jókòó ti òun ní pálọ̀.

Pálọ̀ Àlájà náà ni wọ́n tò ó sí. Nígbà tí Múìbátù sọ fún mi pé ó ṣiṣẹ́, mo ní kó tún un sọ. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, mo mọ̀ pé èmi ni mo ni ín. Lọ́jọ́ kejì, mo kọrin nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ títí obìnrin kejì fi bi mí bóyá mo ti fẹ́ ọkọ mìíràn.

Láti Gbọ̀ngán àti Ararọ̀mí-Òwu, wọ́n ń wá wò ó. Gbogbo ẹni tó bá ní nǹkan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fẹ́ mọ ohun tí tòun ń ṣe. Àfáà á ní, "Ìrántí rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ti wá." Àlájà á jókòó sórí àga pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, á máa ní, "Yà á, Múì, yà á." Lẹ́yìn géèmù, wọ́n á jẹun. Múìbátù ló sọ gbogbo èyí fún mi, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ ní kúkúrú sí i. Ó ń kánjú padà sílé, wọ́n ń dúró dè é. Sátidé gbogbo di Sátidé méjì lóṣù, ó tún di ẹyọ kan.

Ìwé ìgbélùú mi jáde ní òpin ọdún tó tẹ̀lé e. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Mo kà á lórí ìdúró, mo kà á lórí ìjókòó. Mo ti kó kúrò lọ́dọ̀ Ráúfù nígbà náà, mo ti háyà yàrá méjì, mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sínú èkejì. Mo pe Ìkirè ní Sátidé.

"Múì, ìwé ti jáde. O ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi."



"Ẹ ṣé mà. Mọ́mì, ẹ má bínú, mi ò fẹ́ wá."

Mo ní kó gbé tẹlifóònù fún Àlájà. Láti ọjọ́ tó ti ní kí wọ́n kó ẹrù ọmọ mi wọlé ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá bá a sọ. Mo tò ó nídìí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo tò ó nínú bọ́ọ̀sì. Mo bi í pé ṣé ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ báyìí, ṣé ó ti parí gbígba ohun tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ìyàwó, mo bẹ̀ ẹ́ kó lọ," ó ní. "Látìgbà tó o ti sọ pé ìwé fẹ́ jáde ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó lọ kàwé bíi tìẹ. Ó ń sunkún. Ó ní òun ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀."

"Ó mọ̀ mí."

Àlájà, tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, kò fèsì. Kò já tẹlifóònù sílẹ̀, mo ń gbọ́ mímí rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ní gáréèjì, kọ̀ńdọ̀ kan ń pe Gbọ̀ngán, Gbọ̀ngán, ó ní ẹnì kan péré ló kù kí ọkọ̀ kún. Ó ń pè é lọ bẹ́ẹ̀ títí owó inú káàdì mi fi tán.